Gìtá láàárín Ìlù tí ń Sọ̀rọ̀: Ipa Rẹsísítọ̀ inú Áńpílífáyà Onífáàfù nínú Ìtàn Jùjú, 1949 sí 1982

1.0 Ìfáárà

Ète iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé iye rẹsísítọ̀ kéékèèké tí ó wà nínú áńpílífáyà onífáàfù jẹ́ apá kan nínú ìtàn orin jùjú, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Àwọn onímọ̀ tí ó ti kọ̀wé lórí jùjú ti sọ púpọ̀ nípa àwọn olórin, àwọn onílù, àwọn olówó tí ń náwó fún olórin ní òde àríyá, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àwo. Ìwé tí Christopher Waterman tẹ̀ jáde ní 1990 lórí ìtàn jùjú fi hàn pé ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè wà lára ohun tí ó yí orin náà padà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn kì í sábà tú inú ẹ̀rọ náà wò. Wọn a sọ pé gìtá di oníná, wọn a sì kọjá lọ, bí ẹni pé gbogbo gìtá oníná ni ohùn wọn dọ́gba.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ yìí fi ṣe òdiwọ̀n. Ìlú méjèèjì wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Ìlú Aláàfin ni ọ̀kan, ìlú Ṣọ̀ún sì ni èkejì. Àwọn ọmọ Àyàn kò dẹ́kun à ń fi dùndún ki ọba àti ìjòyè níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ bákan náà ni a ti mọ Ògúndáre Fọ́yánmu, oníjàálá tí okìkí rẹ̀ kàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ará ìlú bẹ́ẹ̀ kì í fi etí lásán gbọ́ orin; wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Olórin tí ó bá gbé gìtá oníná dé iwájú wọn, iwájú adájọ́ tí etí rẹ̀ ti mọ́ ọ̀rọ̀ nínú ìlù ni ó dé. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: kí ni ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ kí gìtá tó lè jókòó láàárín irú ìlù bẹ́ẹ̀ láìba ọ̀rọ̀ jẹ́?

2.0 Gìtá kí ó tó di oníná àti lẹ́yìn rẹ̀

Nígbà tí Túndé King àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin ní Èkó láàárín 1930 sí 1940, jùjú jẹ́ orin tí ènìyàn díẹ̀ lè ṣe nínú yàrá kan. Gìtá-báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù pẹlẹbẹ tí ṣaworo wà létí rẹ̀ tó fún un. Okùn gìtá kò ní ohun ńlá kan tí yóò bá jà. Ìdí nìyí tí ìlù ńlá kò fi lè wọ inú ẹgbẹ́ náà: bí ó bá wọlé, ohùn gìtá yóò rì.

Ní 1948, Àkànbí Wright mú ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wọ inú jùjú. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè, tí ó ti ń ṣe àwo fún HMV láti 1937, bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá tí a so máìkì mọ́ lára. Ọdún kan péré ni ó wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, kò sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ ni ó fún gìtá lágbára láti dúró ti ìlù. Ìlù náà ni ó sì sọ ẹ̀rọ di kò-ṣeé-má-nìí. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ jùjú ti ń tóbi sí i. I. K. Dáírò dá Morning Star Orchestra sílẹ̀ ní 1957, èyí tí ó di Blue Spots lẹ́yìn náà. Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Sunny Adé náà dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún 1970 tó dé, nígbà tí ó sì ṣe àwo Juju Music fún Island ní 1982, gìtá mélòó kan ni ó ń takurọ̀sọ nínú ẹgbẹ́ náà, pẹ̀lú gìtá Hawaii tí a ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀.

Ó ṣe pàtàkì láti mọ irú ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn ogun, irú èyí tí wọ́n fi ń kéde fún àwùjọ ni: máìkì, áńpílífáyà àti sípíkà tí ó ṣeé gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni nǹkan gbà. Leo Fender ti ń ṣe áńpílífáyà tí ó jẹ́ ti gìtá nìkan láti 1946, àwọn olórin ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ohùn tí ó há, tí ó jáde nígbà tí wọ́n bá yí ẹ̀rọ kọjá agbára rẹ̀. Láti ìpìlẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti yà.

3.0 Bias: ibùjókòó ohùn

Fáàfù jẹ́ ìgò tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Kátóòdù inú rẹ̀, tí iná ń mú gbóná, ni ó ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Áńóòdù ni ó ń fà wọ́n mọ́ra. Ní 1906, Lee de Forest ti Amẹ́ríkà fi ẹ̀yà kẹta sí i, èyí ni gíríìdì, wáyà tí ó dàbí asẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Agbára kékeré tí ó ti ara gìtá wá, tí ó bá dé orí gíríìdì, ni yóò máa pàṣẹ fún agbára ńlá tí ń kọjá láàárín fáàfù.

Ṣùgbọ́n gíríìdì gbọ́dọ̀ ní ibùjókòó kí ìró tó dé bá a. Ibùjókòó yìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní bias. Ẹni tí ó bá mọ dùndún yóò tètè lóye rẹ̀. Onílù kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọsán ìlù ti dẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti le dé góńgó. Ìwọ̀n àárín kan ni ó fi ń di ìlù mú sí ìhà, kí ó lè rí àyè gòkè, kí ó sì rí àyè sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá ti fún ọsán jù kí ó tó lu ìlù, ohùn òkè kò ní rí ibi lọ mọ́. Bí fáàfù ṣe rí náà nìyẹn.

Rẹsísítọ̀ ni ó ń yan ibùjókòó náà. Nínú ọ̀pọ̀ áńpílífáyà gìtá tí ó lo fáàfù 12AX7, rẹsísítọ̀ 100,000 óòmù ni ó wà lórí áńóòdù, ti 1,500 óòmù sì wà ní ìdí kátóòdù. Bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áńpù bá ń gba inú 1,500 óòmù kọjá, fóòtì kan àti ààbọ̀ ni yóò dúró lórí kátóòdù, gíríìdì yóò sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà. Bí ẹnìkan bá fi rẹsísítọ̀ tí ó kéré gan-an rọ́pò rẹ̀, gíríìdì yóò sún mọ́ kátóòdù jù, ìró tí ó bá lágbára yóò sì fi orí gbá níhà kan. Bí ó bá fi èyí tí ó tóbi jù síbẹ̀, níhà kejì ni yóò ti fi orí gbá.

Kò tó kí á ka nọ́ńbà lásán. Ó yẹ kí á mọ iye fáàfù tí ó ń jẹ lára rẹ̀. Nínú Bassman tí Fender ṣe láàárín 1958 sí 1960, 820 óòmù ni ó wà ní ìdí kátóòdù àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa yóò ní bias rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti 1,500. Ṣùgbọ́n kátóòdù méjì ni ó ń pín rẹsísítọ̀ kan náà lò. Iná méjì ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ó dàbí ẹni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1,640 óòmù tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò tó nǹkan.

Ní ti fáàfù ńlá tí ń ti sípíkà, ọ̀nà méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́ ni pé kí á pèsè fóòtì ọ̀tọ̀ fún gíríìdì, kí ẹnìkan sì máa fi ọwọ́ tún un ṣe nígbà tí a bá pààrọ̀ fáàfù. Èkejì ni pé kí rẹsísítọ̀ ìdí kátóòdù máa ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Vox AC30, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà kejì: fáàfù EL84 mẹ́rin ń pín rẹsísítọ̀ kan tí ó sún mọ́ 50 óòmù lò. Bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá áńpù bá ń kọjá, fóòtì mẹ́wàá ni yóò dúró níbẹ̀. Bí fáàfù kan bá fẹ́ fa iná jù, fóòtì náà yóò gòkè, yóò sì dá a lọ́wọ́ kọ́. Fún ìlú tí fáàfù tuntun ti ṣọ̀wọ́n, tí èyí tí a rí ni a ó fi sí i, ọ̀nà kejì yìí ni ó ní àforítì jù.

4.0 Feedback: ohùn tí a dá padà

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1927, Harold Black, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ní New York nígbà tí èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Bí áńpílífáyà bá mú díẹ̀ nínú ohun tí ó sọ jáde, tí ó dá a padà sí ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé, tí ó sì dojú rẹ̀ kọ èyí tí ń bọ̀, ẹ̀rọ yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe. Agbára rẹ̀ yóò dínkù, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ náà yóò dínkù. Èyí ni feedback tí ń tako.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Bí áńpílífáyà bá ń sọ ìró di ìlọ́po 30, tí a sì dá ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó jáde padà, agbára rẹ̀ yóò di 30 tí a fi 4 pín, èyí tí í ṣe ìlọ́po 7.5. Híhá ohùn náà yóò dínkù sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì ti ẹ̀rọ dé òpin agbára rẹ̀. Rẹsísítọ̀ ni ó ń pinnu iye tí a óò dá padà: bí ó bá ṣe tóbi tó ni ohun tí ń padà yóò ṣe kéré tó, tí ẹ̀rọ yóò sì ṣe le tó.

Ìtàn Marshall jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì lórí èyí. Ní 1962, Jim Marshall àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Hanwell, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi Bassman ṣe àwòkọ́ṣe láti ṣe JTM45. Rẹsísítọ̀ 27,000 óòmù ni ó wà ní ojú ọ̀nà feedback àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí ìró ti ń padà yàtọ̀. Fender mú un láti ojú ìsopọ̀ sípíkà tí ó jẹ́ 2 óòmù, Marshall sì mú un láti ti 16 óòmù. Fóòtì tí ó wà lójú ti 16 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti 2. Nítorí náà, ohun tí Marshall ń dá padà pọ̀ ju ti Fender lọ tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣe lẹ́yìn náà, rẹsísítọ̀ 47,000 àti 100,000 óòmù wọlé, ìdápadà dínkù, ohùn híhá tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ń wá sì túbọ̀ rọrùn. AC30 ní tirẹ̀ kò dá ohunkóhun padà láti ojú sípíkà rárá. Èyí fi hàn pé bí a bá fẹ́ mọ ohùn ẹ̀rọ, a kò lè ka rẹsísítọ̀ kan lọ́tọ̀ kí á fi ibi tí ó ti jẹ́un sílẹ̀.

A kò gbọdọ̀ ṣi èyí mú fún feedback kejì, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní òde àríyá, nígbà tí ohùn sípíkà bá padà wọ inú máìkì tí ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Gìtá oníhò tí a so máìkì mọ́, bí irú èyí tí Bákàrè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò ní ṣàì bá ìṣòro náà pàdé bí ó bá sún mọ́ sípíkà jù. Èkíní ń tako ìró tí ń bọ̀, ó sì ń tún un ṣe. Èkejì ń gbè é lẹ́yìn títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń ta á.

5.0 Ìdí tí jùjú fi yan ohùn tí ó mọ́

Ẹnìkan lè sọ pé etí Yorùbá kò fẹ́ ohùn tí ó há, pé ìdí nìyí tí gìtá jùjú fi mọ́ gaara. Àlàyé yìí kò lè dúró. Ìyáàlù dùndún fúnra rẹ̀ ní ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká, tí ń dún ṣaworo-ṣaworo bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa pariwo lọ. Ohùn tí ó ní ariwo lára kì í ṣe ọ̀tá orin ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyàtọ̀ wà nínú irú ariwo. Ariwo ṣaworo wà lókè réré, ó sì fi ohùn ìlù sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Olùgbọ́ ṣì lè mọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Ohun tí áńpílífáyà tí ó há ń ṣe kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ta okùn kan ṣoṣo, ohùn náà yóò gbòòrò ṣùgbọ́n yóò wà ní ipò rẹ̀. Bí a bá ta okùn méjì pọ̀, ẹ̀rọ yóò bí ohùn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ta. Bí okùn kan bá gbọ̀n ní ìgbà 220 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí èkejì gbọ̀n ní ìgbà 275, ẹ̀rọ tí ó há yóò fi 55 àti 495 kún un: ọ̀kan jẹ́ ìyàtọ̀ wọn, èkejì jẹ́ àròpọ̀ wọn. Ohùn 55 yìí yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀, sí àárín ìlù àti gìtá oníbáàsì.

Gìtá jùjú sì fẹ́ràn okùn méjì tí ń rìn pọ̀. Bí gìtá mẹ́ta bá ń gba ẹnu ara wọn, tí dùndún sì ń pa òwe láàárín wọn, ohùn tí a kò ta yóò di ọ̀rọ̀ tí a kò sọ. Nínú orin tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń gbé ìtumọ̀, èyí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, àṣìsọ ni. Níbi tí ohùn akọrin àti gìtá bá ti ń gba inú áńpílífáyà kan ṣoṣo kọjá, ọ̀ràn náà tún burú sí i, nítorí pé gìtá yóò máa ba ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin jẹ́. Nítorí náà, ohùn tí ó mọ́ kì í ṣe àmì pé ẹ̀rọ olórin jùjú kò lágbára, kì í sì í ṣe pé wọn kò mọ ohun tí ń lọ ní òkè òkun. Ẹgbẹ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni ó béèrè fún un. Bias tí ó wà ní àárín gbùngbùn àti feedback tí ó tó ni ohun tí ẹ̀rọ fi ń dáhùn ìbéèrè náà.

6.0 Ooru, ọ̀rinrin àti iná tí kò dúró

Iye tí a kọ sára rẹsísítọ̀ kì í ṣe iye tí yóò wà lára rẹ̀ títí láé. Rẹsísítọ̀ onícarbon tí ó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀rọ àkókò náà máa ń gba ọ̀rinrin sára, ooru fáàfù sì máa ń yan án lójoojúmọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni iye rẹ̀ sábà máa ń gòkè. Ti ìdí kátóòdù tí ó gòkè yóò ti ibùjókòó gíríìdì kúrò láàárín. Ti feedback tí ó gòkè yóò dín ìdápadà kù, ẹ̀rọ tí ó mọ́ ní àná yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ti ìdí gíríìdì fáàfù ńlá tí ó bá tóbi jù lè jẹ́ kí gíríìdì bọ́ ní ipò rẹ̀, kí fáàfù máa fa iná sí i títí áńóòdù yóò fi pọ́n bí ẹyín iná.

Ọ̀ràn iná tún wà níbẹ̀. ECN tí òfin dá sílẹ̀ ní 1950, àti NEPA tí ó gba ipò rẹ̀ ní 1972, ń pèsè 230 fóòtì lórí ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé iná kì í dúró lójú kan, jẹnẹrétọ̀ ni ó sì ń gbé ọ̀pọ̀ àríyá dé òwúrọ̀. Bí 230 bá di 180, fóòtì 6.3 tí ń mú kátóòdù gbóná yóò di nǹkan bí 4.9. Níbi tí rẹsísítọ̀ kátóòdù ti ń yan bias fúnra rẹ̀, ibùjókòó yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iná: ohùn yóò rẹlẹ̀, yóò sì tètè dé òpin agbára rẹ̀.

Ní ibi yìí ni atún-rédíò-ṣe ti wọ inú ìtàn jùjú. Òun ni ó ń dáná sí rẹsísítọ̀ tí ó ti jó, tí ó ń fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ rọ́pò èyí tí kò sí. Bí ó bá fi 2,200 óòmù sí ipò 1,500, bí ó bá gé okùn feedback kúrò kí ẹ̀rọ tí kò lágbára lè ké sókè sí i, ó ti ṣe ìpinnu nípa ohùn orin, ì báà mọ̀ ọ́n tàbí kí ó má mọ̀ ọ́n. Akọrin nìkan kọ́ ni ó ni ohùn tí àwọn ará òde gbọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí fi hàn kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, ìlù tí ń sọ̀rọ̀ àti gìtá oníná wọ jùjú pọ̀ ní 1948 àti 1949, wọn kò sì ṣeé yà sọ́tọ̀. Èkejì, ohùn gìtá jùjú tí ó mọ́ jẹ́ yíyàn tí ó bá ìwà èdè àti ìwà dùndún mu, rẹsísítọ̀ tí ń yan bias àti feedback sì ni ọ̀nà tí yíyàn náà gbà ṣeé ṣe. Ẹ̀kẹta, ojú ọjọ́, iná àti ọwọ́ atún-ẹ̀rọ-ṣe ń yí iye náà padà, nítorí náà ohùn tí a gbọ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní láti jẹ́ ohùn tí ẹ̀rọ mú ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Èyí gbé iṣẹ́ kan ka iwájú àwọn òpìtàn. Àwo orin nìkan kọ́ ni àkọsílẹ̀ ohùn ìgbà náà. Áńpílífáyà àtijọ́ tí ó ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé, tí eruku ti bò, jẹ́ ìwé ìtàn. Àwọn ìlà àwọ̀ ara rẹsísítọ̀ rẹ̀ ń sọ iye tí wọ́n fi ṣe é: búráùn, àwọ̀ ewé àti pupa fún 1,500, pupa, àwọ̀ èlùàlùkò àti ọsàn fún 27,000. Ojú ibi tí wọ́n tún jó lẹ́ẹ̀kejì ń sọ ẹni tí ó ti fi ọwọ́ kàn án. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n ta irin inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún aláàlòkù kí ẹnikẹ́ni tó kọ iye wọnnì sílẹ̀, apá kan nínú ohùn jùjú ni a jẹ́ kí ó lọ, kò sì sí orúkọ olórin tí a lè fi dípò rẹ̀.